Ihò Kékeré Kì í Ṣe Iṣẹ́ Kékeré: Ohun tí Mo Rí Kọ́ Nínú Tíátà

Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu mọ̀lẹ́bí aláìsàn ni, "Ṣebí wọn ò ní la ikùn rẹ̀, ihò lásán ni wọ́n fẹ́ lu sí i." Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ gún etí. N kì í bá wọn jiyàn, torí ọkàn wọn ò balẹ̀, ohun tó máa fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to irinṣẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ abẹ, ní ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni, nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ayé ìlàkùn gbàgà ni mo bá wọṣẹ́. Ojú mi ló ṣe tí ẹ̀rọ oníkámẹ́rà, èyí tí wọ́n ń gba ihò kékeré tì bọ inú ikùn, fi dé, tí àwọn ọ̀gá tó ti mọ iṣẹ́ wọn dunjú tún padà di ọmọ ìkọ́ṣẹ́, tí wọ́n ń fi irin gígùn ṣa ẹ̀wà nínú páálí tí wọ́n gbé kámẹ́rà fóònù sí, títí ọwọ́ wọn fi rọ̀. Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun kan tí mo kọ́, màá ní ewu iṣẹ́ abẹ oníhò kì í sábà wà níbi tí gbogbo wa tẹjú mọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí kámẹ́rà ò dé ló máa ń ba sí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n fún iṣẹ́ náà ní iyì tó tọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ láti yọ àpò òróòro, bó bá fẹ́ wúkọ́, àfi kó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Ẹni tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe tirẹ̀, ihò mẹ́rin péré ni, èyí tó tóbi jù ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń dá rìn lọ sí ilé ìwẹ̀. Ìyá oníṣòwò kan wà tó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ kí ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ tó mọ̀ pé ó lọ síbì kankan. Ojú ọgbẹ́ kì í sì í sábà kẹ̀ bíi ti ìlàkùn.

Àmọ́ ojú àti ọwọ́ dókítà ni wọ́n fi ra àǹfààní yẹn. Nígbà ìlàkùn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ikùn, ó ń tẹ ibí, ó ń fọwọ́ ba ọ̀hún, bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ń mí lábẹ́ ìka rẹ̀, á mọ̀. Ní báyìí, irin gígùn ló ń dì mú, bó bá sì gbé ọwọ́ sósì, ẹnu irin náà á lọ sọ́tùn-ún. Àwòrán tó ń wò tóbi, ó mọ́ rekete, àmọ́ pẹlẹbẹ ni. Ibi kékeré tí kámẹ́rà kọjú sí nìkan ló sì ń rí. Gbogbo ikùn tó kù wà lókùnkùn.

Wàhálà tó sì burú jù lè ṣẹlẹ̀ kí kámẹ́rà tó wọlé rárá. Kí wọ́n tó lè ríran, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ́ gáàsì sínú ikùn kí ogiri ikùn lè gbéra kúrò lórí ìfun. Kí gáàsì tó wọlé, nǹkan kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gún ikùn, ẹni tó ń gún un ò sì rí ohun tó wà lábẹ́. Nínú àwọn ìpalára ńlá tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ yìí, ó tó bí ìdajì tó jẹ́ pé ìgbà wíwọlé yìí ló ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ wá.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n sábà fi ń wọlé ni Veress. Orúkọ dókítà ará Hungary kan ni, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ṣe é fún láàárín ọdún 1930 sí 1940, ó ń fi í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Sípíríǹgì kékeré kan wà nínú rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ tó mú bá ti la ogiri ikùn já, sípíríǹgì yẹn á ta ọ̀pá tí orí rẹ̀ kú jáde, kó má bàa gún ìfun. Èmi ló ń dán an wò kó tó dé ọwọ́ dókítà. Màá fi àtàǹpàkò tì í wọlé, màá jù ú sílẹ̀, kó dún "kẹ́" létí mi. Màá fún omi iyọ̀ gba inú rẹ̀ kí n rí i pé kò dí. Èyí tí kò bá dún bó ṣe yẹ, inú abọ́ ìdọ̀tí ló ń lọ, kódà bó bá jẹ́ òun nìkan ló kù lórí tábìlì tí wọ́n ní kí n lọ wá òmíràn.

Lábẹ́ ìdodo ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù nínú ara ti ń pín sí méjì lọ sí ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tó sanra ló ń dẹ́rù ba dókítà. Tòótọ́ ni, ó ní wàhálà tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́, àárín ogiri ikùn rẹ̀ sí iṣan yẹn lè má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, òun ló sì ń mú kí ọkàn mi sọ kúlú. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ tẹ́jú nígbà tí wọ́n bá ń wọlé. Bí ẹnì kan bá ti tẹ orí aláìsàn sísàlẹ̀ ṣáájú àkókò, ìdí rẹ̀ á gbé sókè, abẹ́rẹ́ tó yẹ kó dojú kọ ìsàlẹ̀ ikùn á wá kọjú sí iṣan. Àpò ìtọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti ṣófo. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, ojú mi ò kúrò lára nọ́ńbà ẹ̀rọ gáàsì. Bó bá bọ́ síbi tó yẹ, nọ́ńbà ìfúnpá á wà nílẹ̀, kò ní kọjá 8 tàbí 10 mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá). Bó bá fò sókè lójú ẹsẹ̀, nígbà tí gáàsì tó wọlé ò tíì tó nǹkan, ẹnu abẹ́rẹ́ wà níbi tí kò yẹ. Màá sọ ọ́ sókè, n kì í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ gbọ́ ti obìnrin kan. Wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà wo ilé ọmọ rẹ̀ nítorí pé ọmọ ò tètè dé. Nínú fáìlì, wọ́n kọ ọ́ pé kò ṣe iṣẹ́ abẹ rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bi í, ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló jókòó tì í lọ́tùn-ún lósì. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, mo ní kí gbogbo ọkùnrin bọ́ síta, títí kan dókítà tó ń kọ́ṣẹ́. Mo ká aṣọ rẹ̀ sókè, mo fọwọ́ gbé ìṣẹ́po awọ tó wà nísàlẹ̀ ikùn. Àpá kan wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó ti òsì dé ọ̀tún, ó sápamọ́ sábẹ́ ìlà pátá.

"Àbúrò mi, àpá kí rèé?"

Ó dákẹ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ọkọ mi ò mọ̀, mà. Fáíbírọ́ìdì ni wọ́n yọ, kí a tó pàdé ara wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé."

"Màá kọ ọ́, torí ẹ̀mí rẹ ni. Àmọ́ fáìlì kì í ṣe ìwé ìròyìn. Bí o ò bá fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa ṣí i fún ọkọ rẹ."

Mo lọ bá ọ̀gá níbi tó ti ń fọ ọwọ́. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n fi rọ́bà gba imú obìnrin náà dé inú ikùn láti fa ohun tó wà nínú àpòlúkù jáde. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ tẹ abẹ́ egungun ìhà òsì rẹ̀ dáadáa, torí ibà máa ń jẹ́ kí ẹ̀yà ara tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní spleen, wú nílẹ̀ wa, bó bá sì ti wú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀. Kò wú. Ibẹ̀ ló gbà wọlé, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sábẹ́ egungun ìhà, níbi tí Raoul Palmer, dókítà àwọn obìnrin nílẹ̀ Faransé, fi han àwọn oníṣẹ́ abẹ láyé ọjọ́un. Nígbà tí kámẹ́rà wọlé tó sì yíjú wo ẹ̀yìn ìdodo, ìfun ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kò sí àyè tí wọ́n lè ti abẹ́rẹ́ bọ̀. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ mí kanlẹ̀. Ọ̀gá ní, "Sísítà, ẹ ṣé," ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìwé ìbéèrè wa dára, àmọ́ kò mọ̀ pé àwọn aya wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọn ò lè dáhùn ìbéèrè kan níwájú ìyá ọkọ. Ẹ bi aláìsàn lóun nìkan. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan gbọ́, ẹ wo ara rẹ̀.

Àwọn dókítà mìíràn kì í lo abẹ́rẹ́ rárá. Wọ́n á fi abẹ la ìdodo díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi fojú rí inú ikùn, ọ̀nà tí dókítà kan tó ń jẹ́ Hasson ṣàlàyé ní 1971. Àríyànjiyàn lórí èyí tó dára jù ò tíì parí, n kò sì ní bá wọn dá sí i. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo máa ń fẹ́ fi ọ̀nà yẹn wọ ikùn gbogbo ayé.

Carbon dioxide ni gáàsì náà. Kì í gbiná, ìyẹn sì ṣe pàtàkì níbi tí dáyátámì, irin oníná tí wọ́n fi ń gé ẹran ara tí wọ́n sì fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ti ń ṣiṣẹ́. Ó tún máa ń tètè yòrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á sì mí i síta. Láàárín 12 sí 15 mmHg ni wọ́n sábà ń fi ìfúnpá rẹ̀ sí. Ikùn tó wú bẹ́ẹ̀ ń ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́kàn á dín kù, nínú àwọn kan ọkàn á kàn ṣàdédé rọlẹ̀ bí ikùn ṣe ń nà, iye ìgbà tó ń lù ní ìṣẹ́jú kan á máa já: 80, 60, 40. Ohùn ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń yí padà, kí ẹnikẹ́ni tó wo nọ́ńbà. Dókítà akunnilóorun tí mo bá ṣiṣẹ́ pẹ́ jù kì í pariwo. Á ní, "Ẹ tú gáàsì." Oníṣẹ́ abẹ ò ní bi í pé kí ló dé; á ṣí i, gáàsì á jáde, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó sọ̀rọ̀. Bí ọkàn ò bá gbéra fúnra rẹ̀, atropine, oògùn tó ń mú kí ọkàn yára, ti wà nínú sírínjì. Bí ọkàn bá ti padà bọ̀ sípò, wọ́n á tún gáàsì fẹ́, díẹ̀díẹ̀. Mo ti bá àwọn méjì kan ṣiṣẹ́ rí tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ọkàn aláìsàn ń rọlẹ̀ lọ. N ò bá wọn ṣe é pẹ́. Ilé ìwòsàn tí kò bá sì ní ẹ̀rọ tó ń wọn carbon dioxide nínú èémí aláìsàn, lójú tèmi, kò tíì yẹ kó ra kámẹ́rà.

Gáàsì yìí náà ló ń fa ìjà èjìká. Aláìsàn á jí, á ní èjìká ọ̀tún ń dun òun, àwọn ẹbí á sì bi wá pé kí la wá dé èjìká nígbà tó jẹ́ ikùn la ní a fẹ́ ṣe. Àwọn kan á ti máa ronú sí ìdílé bàbá. Gáàsì díẹ̀ tó kù nínú ikùn ló ń ta awọ tó pín àyà àti ikùn níyà, iṣan ìmọ̀lára ibẹ̀ àti ti èjìká sì wá láti orísun kan náà ní ọrùn. Kì í pẹ́ lọ. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú, ẹ ó sì gba ara yín lọ́wọ́ ẹjọ́.

Iṣẹ́ tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti àpò òróòro. Nílẹ̀ wa, kì í ṣe àwọn àgbàlagbà nìkan ló ń ní òkúta níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ní àrùn foníkú-fọladìde ń ní in láti kékeré, torí ẹ̀jẹ̀ wọn ń tètè wó, ohun tó sì ń jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tó wó ló ń di òkúta. Fún irú wọn, tíátà ò gbọdọ̀ tutù, omi ara wọn ò gbọdọ̀ gbẹ. Màá pa ẹ̀rọ amúlétutù kí n tó ní kí wọ́n gbé wọn wọlé. Ìlàágùn dókítà ò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ẹni tó kọ́kọ́ gba ihò yọ àpò òróòro ènìyàn ni Erich Mühe, ní Böblingen nílẹ̀ Jámánì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò kọ́kọ́ kà á sí. Nígbà tí ayé wá gbà á, wọ́n fi ìkánjú gbà á, ìpalára sí ọ̀nà òróòro sì pọ̀ ju bó ṣe wà nígbà ìlàkùn lọ. Ọ̀nà kékeré kan ló so àpò náà mọ́ ọ̀nà ńlá tó ń gbé òróòro láti inú ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun. Èyí kékeré ni wọ́n fẹ́ gé. Bí wọ́n bá wá fi èyí ńlá pe kékeré, tí wọ́n gé e, ojú aláìsàn á pọ́n, á di ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn, àtúnṣe rẹ̀ sì le ju iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ fíìfíì.

Ní 1995, Steven Strasberg àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà la ìlànà kan sílẹ̀. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí wọ́n kọ́kọ́ bó gbogbo ọ̀rá àti awọ tó bo ìgun tó wà láàárín àpò náà àti ẹ̀dọ̀. Kí wọ́n ṣí ìsàlẹ̀ àpò náà kúrò lára ẹ̀dọ̀, kí wọ́n lè rí ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó wá ku nǹkan méjì péré, kì í ṣe mẹ́ta, tó ń wọnú àpò náà: ọ̀nà kékeré yẹn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ àpò náà. Bí èyíkéyìí nínú rẹ̀ ò bá pé, wọn ò gbọdọ̀ gé. Ní 2003, àwọn olùwádìí kan yẹ ìpalára 252 wò, wọ́n rí i pé nínú 97 nínú ọgọ́rùn-ún, ojú ló tan dókítà jẹ. Ọwọ́ wọn mọṣẹ́. Ohun tí wọ́n rí ló dá wọn lójú jù.

Nígbà tí mo gbọ́ nọ́ńbà yẹn, ohun tí ọ̀gá wa máa ń ṣe wá yé mi. Bó bá kù díẹ̀ kó fi kílíìpù, irin kékeré tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà náà kí wọ́n tó gé e, sí i, á dá ọwọ́ méjèèjì dúró. Á ní, "Ẹ wò ó fún mi." Ẹni tó kéré jù nínú yàrá ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé, bí ọ̀gá bá ti la ẹnu, ta ni ọmọdé tó máa ta kò ó nílẹ̀ Yorùbá? Ọmọ tí wọ́n fi "ẹ" àti "sà" tọ́ láti kékeré ò ní wo ojú àgbà kó ní irọ́ ni. Ọ̀gá yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi ètò sí i: ọmọ á ka ohun tó rí, èyí tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ orí á ka tirẹ̀, èmi náà á sọ, òun ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kílíìpù wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà yẹn. N kì í nà án sí i títí a ó fi parí. Lọ́jọ́ kan, dókítà kékeré kan ní, "Sà, mẹ́ta ni mo rí." Ọ̀gá tún tẹjú mọ́ ọn, ó fi omi fọ ibẹ̀, ó ń bó o lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mẹ́ta ni lóòótọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan pín sí méjì. Kò yìn ín, kò bá a wí. Ó ní, "Ó dáa, èwo la máa ṣe?"

Ìgbà mìíràn wà tí àpò náà ti wú, tó le, tí kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí ọ̀nà kan parí sí. Wọ́n lè yọ èyí tó ṣeé yọ kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì lè la ikùn. Níbí ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. "Ẹ gba owó kámẹ́rà, ẹ tún la ikùn ènìyàn wa!" Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ò kọ́ aláìsàn ní ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, wọ́n á wá máa ṣàlàyé fún ẹni tí inú ti ń bí. Bí ọ̀gá wa ṣe ń sọ ọ́ nìyí: "Ìyá, ihò la máa fi bẹ̀rẹ̀. Bí mi ò bá ríran dáadáa, màá la ikùn. Bí ẹ bá jí tẹ́ ẹ rí ọgbẹ́ ńlá, torí kí ẹ lè jí ni mo ṣe là á." Kò sí ìyá tó ti bá a jà lórí rẹ̀ létí mi. Lórí tábìlì mi náà, irinṣẹ́ ìlàkùn ti wà nílẹ̀, mo ti kà á, mo ti bò ó, kí wọ́n tó lu ihò àkọ́kọ́. Dókítà tó bá mọ̀ pé irinṣẹ́ wà nítòsí kì í tijú láti béèrè rẹ̀.

Dáyátámì ni ewu mìíràn tí kámẹ́rà kì í rí. Iná mànàmáná ń gba inú irin tí wọ́n fi rọ́bà wé láti òkè dé ìsàlẹ̀, àyàfi ẹnu rẹ̀ nìkan. Bí rọ́bà yẹn bá sán, kódà bí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, iná á gba ibẹ̀ jáde, ìfun á jóná lẹ́yìn kámẹ́rà, kò sẹ́ni tó máa rí i. Nítorí náà, kí wọ́n tó dì wọ́n láti lọ pa kòkòrò ara wọn, màá gbé irin kọ̀ọ̀kan sábẹ́ iná, màá máa yí i díẹ̀díẹ̀, màá fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ fà á lọ láti òkè dé ẹnu. Níbi tí wọ́n bá ti ń tún un lò ní àtúnlò, ọrùn rẹ̀ ló sábà ń kọ́kọ́ sán. Àwọn alákòóso ò fẹ́ gbọ́ pé mo ju irin olówó iyebíye nù. Mo máa ń ní kí wọ́n wá fọwọ́ síwèé pé ó dára. Wọn kì í wá.

Okùn ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà náà ńkọ́? Ẹnu rẹ̀ ń gbóná débi pé bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lára kámẹ́rà tí wọ́n gbé e sórí aṣọ tó bo aláìsàn láì pa á, aṣọ á jóná, awọ á tẹ̀ lé e. Mo ti rí aṣọ tó lu ihò bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan. Aláìsàn tó ń sùn ò lè ké. Ẹ pa á kí ẹ tó gbé e sílẹ̀.

Ti iná ìjọba, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí iná bá lọ nígbà tí irin wà nínú ikùn, òkùnkùn á bo tẹlifíṣọ̀n, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mi ọwọ́. Kò fa irin jáde, kò tì í wọlé. A ní bátìrì tó ń gbé e kí jẹnẹrétọ̀ tó dé, àmọ́ láàárọ̀ la ti ń dán an wò: a ó yọ ọ́ kúrò lára iná, a ó wò ó bóyá tẹlifíṣọ̀n á ṣì máa tàn. Sílíńdà gáàsì kejì náà gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró nínú yàrá, kì í ṣe ní sítọ́ọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ jẹun.

Fífọ irinṣẹ́ kì í wù àwọn ènìyàn sọ. Inú irin wọ̀nyí ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ sí, bí wọn ò bá sì tú u kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, oògùn tí wọ́n rẹ ẹ́ sí ò ní dé ibẹ̀. Ní Rio de Janeiro nílẹ̀ Brazil, láàárín 2006 sí 2007, ó lé ní 1000 ènìyàn tí wọ́n fura sí pé kòkòrò kan tó bá ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tan wọ ojú ihò wọn lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Oògùn glutaraldehyde tí wọ́n ń rẹ irinṣẹ́ sí ò ran kòkòrò náà. Ní 2009, ìjọba wọn dá rírẹ irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú oògùn dúró. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi omi ẹ̀rọ lásán ṣan irinṣẹ́ lẹ́yìn oògùn, wọ́n ti tún fi ọwọ́ ara wọn gbé kòkòrò padà.

Ní ti ìwé àyẹ̀wò WHO, àjọ ìlera àgbáyé, èyí tí à ń kà kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí wọ́n tó gé awọ, àti kó tó kúrò ní tíátà, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2009 láti ìlú mẹ́jọ, tí Ifakara ní Tanzania wà lára wọn, fi hàn pé ikú dín kù láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣòro ńlá sì dín kù láti 11 sí 7. Mo nígbàgbọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí mi ò nígbàgbọ́ nínú rẹ̀ ni èyí tí nọ́ọ̀sì jókòó sí igun, tó ń fi báírò sàmì sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Bí a kì í bá kà á sókè kí gbogbo ènìyàn dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ ká fi bébà yẹn di ẹ̀pà.

Bí aláìsàn bá ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ tí mo ń bá a sọ kúrú. Ojoojúmọ́ gbọ́dọ̀ sàn ju àná lọ. Ìfun tó jóná lẹ́yìn kámẹ́rà lè má fi ara hàn títí di ọjọ́ kẹta, ìkẹrin, nígbà mìíràn ó tó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ti ń sàn, tó wá yí padà, tí ikùn rẹ̀ ń le, tó ń bì, tí ibà mú, tàbí tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, kó má lọ sí ilé kẹ́míìsì, kó padà wá. Ọkùnrin kan tí wọ́n ṣe tirẹ̀ níbòmíràn ni wọ́n gbé wá bá wa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ó jẹ àmàlà lọ́jọ́ kejì, ó sì rẹ́rìn-ín; lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ kúrò níwájú òun. Wọ́n ti fún un ní oògùn ibà nílé. Obìnrin náà ló kọ̀ jálẹ̀, tó ní ẹni tó ń jẹ àmàlà kì í ṣàdédé kọ àmàlà. Ìfun rẹ̀ ti lu. Wọ́n là á, wọ́n tún un ṣe, ó pẹ́ ní wọ́ọ̀dù, àmọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ sílé.

Nọ́ńbà fóònù tí mo ń kọ sẹ́yìn káàdì aláìsàn báyìí, ti wọ́ọ̀dù ni, kì í ṣe ti dókítà. Fóònù dókítà lè wà ní pípa lóru. Nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń gbé ti wọ́ọ̀dù, ìyàwó ni mo sì ń fún ní káàdì náà, tàbí ẹni tó ń bu oúnjẹ fún un.